Ilé Yìí Kì Í Ṣe Títà, Ṣé Ó Ṣeé Rẹ́ǹtì?

Òjò ló tú àṣírí ilé náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ wò ó lójú oòrùn, tí ọ̀dà funfun ara fẹ́ǹsì rẹ̀ ń dán bí eyín ọmọdé. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo lọ lẹ́yìn òjò àrọ̀mọ́jú kan, mo wá rí i pé ọ̀dà náà kò kárí. Apá kan péré ni wọ́n kùn, òjò sì ti ń fọ̀ ọ́ dànù díẹ̀díẹ̀. Pupa ń yọ lábẹ́ funfun. Mo kọ́kọ́ rí lẹ́tà kan, mo rí èkejì, nígbà tó yá mo ka gbogbo rẹ̀ tán: ILE YI KI SE TITA. E SORA FUN 419.

Kò sí ọmọ Abẹ́òkúta tí kò mọ àkọlé yẹn. Ẹ gun ọ̀kadà láti Láfẹnwá lọ sí Adátán, ẹ ó ti kà á lára ilé mẹ́ta mẹ́rin kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Mo yíjú sí ẹ̀jẹ́ńtì tá a jọ wà lábẹ́ agboòrùn kan ṣoṣo.

"Bọ̀dá, kí lèyí?"

"Àǹtí, ẹ má dá wọn lóhùn. Ṣé ẹ fẹ́ ra ilé ni? Rẹ́ǹtì lẹ fẹ́ rẹ́ǹtì."

Mo rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ọ̀dà pupa kọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lórí ilé náà. Ẹlòmíì ló sì gbé funfun bò ó. Nínú àwọn méjèèjì, ta ni mo fẹ́ kówó fún?

Ẹ má bínú bó bá jọ pé mo fura jù. Lọ́dún 2021 mo gba ilé kan ní Ọ̀bàǹtokò, yàrá méjì àti pálọ̀. Bàbá kan ló ń jókòó síwájú ilé náà nírọ̀lẹ́, tòun ti rédíò rẹ̀ lórí itan. Gbogbo wa la ń pè é ní Dádì. Dádì ló gbowó lọ́wọ́ mi, Dádì ló kọ rìsíìtì. Oṣù karùn-ún ni lẹ́tà lọ́yà dé látọ̀dọ̀ ẹni tó nílé gan-an, tó wà lókè òkun, tí Dádì jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ní kó máa bá òun ṣọ́ ilé. Ṣíṣọ́ ló ní kó máa ṣọ́ ọ o.

Mo gbé rìsíìtì mi lọ bá lọ́yà tèmi. Mo ti gbọ́ pé ayálégbé tó ń sanwó ọdọọdún, nótíìsì oṣù 6 ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún un kó tó kó jáde, bí àdéhùn wọn kò bá sọ nǹkan míì, kí wọ́n sì tún fún un ní nótíìsì ọjọ́ 7 lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n tó gbé e lọ kóòtù. Lọ́yà ní bẹ́ẹ̀ ni, òfin wà, ṣùgbọ́n ayálégbé onílé ló wà fún, tàbí ayálégbé ẹni tí onílé yàn. "Ta ló yan Dádì?" Mi ò rí èsì fún un.

Àdìrẹ ni mò ń tà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Ìtòkú, ṣùgbọ́n ilé ni mo ti ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ, ilé náà ni mò ń kó aṣọ pamọ́ sí. Ọjọ́ tí mo kó kúrò ní Ọ̀bàǹtokò, ìkòkò aró kan dà sórí àtẹ̀gùn. Wọ́n ní títí di òní, àtẹ̀gùn mẹ́ta ìsàlẹ̀ ṣì dúdú bíi èlú. Ó wù mí kó má ṣeé fọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀jẹ́ńtì yìí mú mi lọ sí àdúgbò kan lẹ́yìn Oníkólóbó, tó ní rẹ́ǹtì jẹ́ 450,000 náírà, ẹ̀jẹ́ńtì 45,000, àgírímẹ́ǹtì 45,000, káṣọ̀n, ìyẹn owó ìdúró nítorí ohun tó bá bàjẹ́, 50,000, mo ṣírò rẹ̀ lórí fóònù, ó jẹ́ 590,000, mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní àwọn mẹ́ta míì ti ń dúró dè é. Àwọn mẹ́ta yẹn kì í tán lẹ́nu ẹ̀jẹ́ńtì.

Ti iná ni mo kọ́kọ́ yanjú, kò sì pẹ́. Ó ní Band A ni àdúgbò náà. Láti Épírì 2024 tí wọ́n ti gbé owó Band A láti náírà 68 lọ sí náírà 225 lórí yúníìtì kan, mi ò mọ̀ bóyá ó fẹ́ kí n yọ̀ ni àbí kí n sá. Ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́ ló yẹ kí Band A máa rí, B wákàtí 16, C wákàtí 12, D wákàtí 8, E wákàtí 4. Ilé-iṣẹ́ iná máa ń gbé orúkọ àwọn fídà, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná wọ àdúgbò, àti báǹdì wọn síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ta ló mọ orúkọ fídà tó gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀? Mo ra ẹ̀kọ tútù lọ́wọ́ ìyá kan ní iwájú ilé kejì, mo kí i, mo jókòó, mo ní kó jọ̀ọ́ jẹ́ kí n wo àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé sórí fóònù rẹ̀ nígbà tó ra kádì iná gbẹ̀yìn. Báǹdì wà níbẹ̀ gbangba. C ni. Ó bá mi lára mu: iná wákàtí 12 tó fún ẹni tó ń fi oòrùn sá aṣọ.

Ti omi náà kò pẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹni bá wà ní Abẹ́òkúta ní Júláì 2018 kò lè gbàgbé ọ̀gbàrá tó gbẹ̀mí èèyàn nínú ìlú. Àwọn tó ń gbé létí Sókòrí àti létí odò Ògùn kò sì nílò kí n máa sọ fún wọn ohun tí ìdídò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1983, máa ń ṣe bí wọ́n bá tú omi rẹ̀ sílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ máa ń tẹ ìwé àsọtẹ́lẹ̀ ìkún omi jáde lọ́dọọdún, mo sì máa ń kà á, ṣùgbọ́n orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ ló máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Gúúsù Abẹ́òkúta tóbi. Gọ́tà ẹ̀yìn ilé rẹ kò lè sí nínú ìwé. Fọ̀kánáísà tó wà ní ìkóríta ló fi ìṣó kan hàn mí lára ògiri ìsọ̀ rẹ̀, ó ga tó orúnkún. "Ibi tó dé lọ́dún yẹn nìyẹn. Ilé tí ẹ̀ ń wò yẹn, orí òkè ló wà, kò dé ọ̀dọ̀ wọn." Ó gbé táyà rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Ó wá ku ọ̀dà funfun.

Mo ní kí ẹ̀jẹ́ńtì pe onílé fún mi. Ọkùnrin kan tí kò tíì pé 50 ọdún ló jáde láti yàrá ẹ̀yìn, ó wọ àǹkárá, ó fi ọ̀wọ̀ kí mi. Ó ní bàbá òun ló kọ́ ilé náà, bàbá ti di olóògbé, òun ló ń mójú tó o. Mo bá a kẹ́dùn, mo ní kó jọ̀ọ́, kó fi fọ́tò ìwé sọ́fè ilé, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi wọn ilẹ̀, ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.

Ẹ̀jẹ́ńtì bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ń béèrè sọ́fè nítorí yàrá méjì?"

"Èmi ni sà."

Ó gbà á lọ́jọ́ mẹ́rin kó tó fi ránṣẹ́, igun kan sì ti jẹrà, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Orúkọ bàbá wà lókè, ọdún 1987 wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹtẹ̀ sọ́féyọ̀, nọ́mbà òkúta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n rì sí igun ilẹ̀ sì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé mo padà lọ, mo lóṣòó sí ìdí fẹ́ǹsì lápá òsì, ewédò ti bo òkúta náà pátápátá. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù mi ni mo fi ha á. Lẹ́tà méjì ló kọ́kọ́ yọ, nọ́mbà tẹ̀ lé e. Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n bá ara wọn mu. Èkejì bá a mu, ẹ̀kẹta bá a mu. Ẹ̀kẹrin, ilé ìdáná aládùúgbò ni wọ́n kọ́ lé e lórí. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ tèmi.

Ìdí tí mo fi ṣe gbogbo ìyẹn ni pé sọ́fè wà tí wọ́n yà fún ilẹ̀ míì tí wọ́n wá ń gbé kiri. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ọ̀rẹ́ tó jẹ́ sọ́féyọ̀. Òun ló ṣàlàyé fún mi pé gbogbo sọ́fè tó bá jẹ́ ojúlówó, ó yẹ kí ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní red copy wà ní ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀. Wọ́n lè bá ọ gbé nọ́mbà ilẹ̀ sórí máàpù níbẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà, tàbí sójú ibi tí wọ́n fẹ́ la ọ̀nà gbà. Nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà káàkiri ìlú yìí, mo rí ilé tí wọ́n fi X pupa sí lára nígbà tí ayálégbé ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ọdún méjì. Onílé gba ẹ̀san díẹ̀. Ayálégbé gba ìkíni. Ti ilẹ̀ tèmi yìí, nígbà tí wọ́n gbé e sórí máàpù, ó mọ́. Ìjọba kò ní nǹkan kan ṣe níbẹ̀.

Ọjọ́ Tuesday ni mo gun Òkè-Mọ́sàn, níbi tí ọ́fíìsì ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Mo rò pé wọ́n máa lé mi. Mo ti múra àlàyé sílẹ̀ pé èmi kì í ṣe lọ́yà, èmi kì í ṣe mọ̀lẹ́bí. Kò sẹ́ni tó béèrè. Fáìlì ilẹ̀ kò sí fún onílé nìkan: ẹnikẹ́ni tó bá kọ lẹ́tà, tó sọ ilẹ̀ tó ń wá, tó sì san owó tí wọ́n bù, wọ́n á bá a wá a. Wàhálà ibẹ̀ ni pé o gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ò ń wá. Bó o bá dé ibẹ̀ tó o ní "ilé kan tó wà lẹ́yìn Oníkólóbó, tó ní géètì aláwọ̀ ewé", wọ́n á kàn wò ọ́ ni. Orúkọ àti nọ́mbà ni wọ́n ń tọ̀. Fọ́tò tí igun rẹ̀ jẹrà yẹn ló ṣí ilẹ̀kùn fún mi.

Ọmọbìnrin tó wà lórí káńtà gba lẹ́tà mi, ó wo aró tó wà ní èékánná mi. "Ẹ̀yin náà, àdìrẹ?" Ìyá rẹ̀ ń rẹ aró ní Ìtòkú. A sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ pákí àti omi eérú títí ẹni tó wà lẹ́yìn mi fi ń wúkọ́. Ó ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Èsì tí mo bá: ilé náà kò ní C of O, ìyẹn ìwé àṣẹ ilẹ̀ látọ̀dọ̀ ìjọba. Kò yà mí lẹ́nu. Òfin ilẹ̀ ti wà láti 1978, síbẹ̀ bó o bá dúró sórí Olúmọ, tó o wo páànù tó dípẹtà láti ìsàlẹ̀ yẹn dé ọ̀run, rìsíìtì ìdílé ló wà lábẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má gba ilé tí kò bá ní C of O ní Abẹ́òkúta, ẹ bi í bóyá inú mọ́tò ló fẹ́ kẹ́ ẹ máa sùn. Ṣùgbọ́n bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé ilẹ̀ kó tó kú, nítorí náà fáìlì wà. Ìwé ìkìlọ̀ kan sì wà nínú fáìlì náà tí lọ́yà kan kọ fún ẹni méjì, pé àwọn nìkan ni kóòtù fún láṣẹ lórí ohun tí olóògbé fi sílẹ̀, pé kí ọ́fíìsì má gba ìwé kankan wọlé lọ́wọ́ ẹlòmíì. Orúkọ ọkùnrin aláǹkárá kò sí nínú méjèèjì.

Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan lábẹ́ igi lóde. Mo ra omi tútù. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n díẹ̀, mi ò ní purọ́.

Kóòtù gíga ni wọ́n ti ń fún àwọn èèyàn ní ìwé àṣẹ lórí ogún, ní rẹ́jísìrì tí wọ́n ń pè ní probate. Kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á kọ́kọ́ kéde orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn kí ẹni tó bá fẹ́ takò ó lè jáde. Àwọn ojú ewé tí lẹ́tà rẹ̀ kéré bíi kòkòrò, tá a fi ń di àkàrà, iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Mo lọ síbẹ̀ pẹ̀lú nọ́mbà tó wà nínú ìwé ìkìlọ̀ yẹn, mo tún kọ lẹ́tà, mo tún sanwó. Òótọ́ ni: àkọ́bí obìnrin láti ọ̀dọ̀ ìyàwó àkọ́kọ́, àti ọmọkùnrin kan láti ọ̀dọ̀ ìyàwó kẹta.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá wọn pín ogún rí, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìyàwó mẹ́ta, ìdí igi mẹ́ta. Ìdí igi àárín kò sí nínú ìwé. Ọkùnrin aláǹkárá, ìdí igi àárín ni.

Lọ́yà tó kọ ìwé ìkìlọ̀ ní ọ́fíìsì ní Òkè-Ìléwó, lókè ilé ìtàwé kan. Màmá àgbà ni, awò rẹ̀ wà ní ṣóńṣó imú. Mo gbé ìwé tí mo rí gbà fún un, ó kà á délẹ̀, ó gbójú sókè.

"Ọmọ mi, ta ló rán ọ wá?"

"Ọ̀bàǹtokò ló rán mi, mà."

Nígbà tí mo sọ ìtàn Dádì tán, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò náà sílẹ̀. Ó pe àkọ́bí obìnrin náà lójú mi. Àṣé òun ló kọ ọ̀dà pupa yẹn, fúnra rẹ̀, lálẹ́, nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ta ilé bàbá wọn. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ní ó dun òun pé ọ̀dà kò jẹ́ kí òun lè fi àmì ohùn sí i.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n pé sí pálọ̀ ilé náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi àti lọ́yà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọn kò bá èmi jà, ara wọn ni wọ́n ń bá jà: ta ló tún òrùlé ṣe, ta ni kò wá síbi ìsìnkú, ìyá ta ni wọ́n fi ọ̀ọ̀lẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà lọ́dún wo. Wákàtí méjì. Aláǹkárá ní òun kò jí nǹkan kan, pé àtìgbà tí bàbá ti kú, òun ló ń tún páìpù ṣe, pé ta ló béèrè? Lójú tèmi, kò parọ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin náà kò sì rí èsì fún un. Ó kàn wo ilẹ̀.

Nígbẹ̀yìn, wọ́n gbà pé rẹ́ǹtì á wọ àkáǹtì kan tí àwọn méjì tí kóòtù yàn jọ ń fọwọ́ sí, wọn á sì máa yọ owó àtúnṣe fún ẹni tó wà nílé. Mo wá sọ tèmi: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kó fọwọ́ sí àgírímẹ́ǹtì. Lọ́yà ní òfin kò béèrè ẹ̀kẹta. Mo ní mo mọ̀, mà, ṣùgbọ́n òun ló ní kọ́kọ́rọ́ géètì, òun la ó jọ máa pàdé níbi kànga ní agogo mẹ́fà àárọ̀. Aláǹkárá fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ó fi báírò tẹ̀ ẹ́ débi pé ó jìn wọ ojú ìwé kejì.

Ọdún kan péré ni mo san. Àdéhùn tí kò bá ju ọdún 3 lọ, òfin wa gbà á bó tilẹ̀ jẹ́ ẹnu lásán, ìyẹn ló fà á tí ọ̀pọ̀ wa kò fi ní ìwé kankan lọ́wọ́. Tèmi, mo kọ ọ́, mo sì san owó òǹtẹ̀ ìjọba lé e lórí, nítorí ìwé tí kò bá lóǹtẹ̀ máa ń sọnù lójú adájọ́ lọ́jọ́ tó o bá nílò rẹ̀ jù.

Mo ti lo oṣù mẹ́rin nínú ilé náà báyìí. Ọ̀dà funfun ti ṣí tán, kò sì sẹ́ni tó tún un kùn. Ẹ̀jẹ́ńtì wá gba 45,000 tirẹ̀, mo san án, torí òun ló mú mi débẹ̀. Ti àgírímẹ́ǹtì ni mo ní rárá, lọ́yà ló kọ ọ́. Ó bínú díẹ̀. Ó dé ẹnu géètì, ó tún padà, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tí mo sá.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ọ́fíìsì wo lẹ sọ pé ẹ lọ ní Òkè-Mọ́sàn yẹn? Ilé kan wà lọ́wọ́ mi ní Aṣẹ́rò, bàbá tó ní i ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin ló ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀."